Àwọn Adìyẹ Verlene Lásìkò Ọ̀wọ́n Ẹyin

Kí ẹyin tó di wúrà, ìdọ̀tí ni wọ́n ń pe àwọn adìyẹ Verlene Stuckey. Opó ni Verlene, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ń sin àgbébọ̀ mélòó kan lẹ́yìnkùlé. Dwight Kessler, tí ilé rẹ̀ fara ti tiẹ̀, ti fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ìjọba ìlú lẹ́ẹ̀mejì pé òórùn wọn kò jẹ́ kí òun gbádùn kọfí òun. Ọlọ́run fún ọkùnrin náà nímú: ó lè gbóòórùn adìyẹ láti inú yàrá tó ti fèrèsé rẹ̀ pa.

Nígbà tó di ìgbà òtútù, àrùn wọ inú àwọn oko ńláńlá, adìyẹ ń kú, ẹyin wá wọ́n bí ojú. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìròyìn jáde pé iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìlẹ̀kùn fíríìjì, tí ìdajì ìlú ń jẹun nídìí rẹ̀, lè kógbá sílé. "Lè" ni wọ́n sọ o, àmọ́ kí oòrùn tó wọ̀, ará ìlú ti sìnkú iléeṣẹ́ náà tán. Wọ́n rọ́ lọ sílé ìtajà, wọ́n kó bébà ìnùdí tán pátápátá, àfi bíi pé ibẹ̀ ni ìyà ń kọ́kọ́ gbà wọlé síni lára.

Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ajé yé bíi Gaylen, ọkọ àbúrò Verlene. Ó ti wo fídíò mẹ́ta lórí fóònù, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti pé. Ó já wọ kíṣìnnì níbi tí Verlene ti ń fọ abọ́.

"Verlene, ọlá ti kanlẹ̀kùn ẹ! Mo ti bá ọkùnrin kan tó nílé oúnjẹ ńlá ní Indianapolis sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹyin tó o bá ní ló máa kó, ìlọ́po mẹ́rin iye tó ò ń tà á ló máa san."

"Àwọn tó ti ń rà á lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí ńkọ́?"

"Àwọn arúgbó yẹn? Kí wọ́n máa jẹ búrẹ́dì!"

"Arúgbó lèmi náà, Gaylen."

"Ìyẹn gan-an ni mo ṣe ní kó o wówó! Ayé ń bàjẹ́ lọ, ìwọ ń fọ abọ́!"

"Tí ayé bá bàjẹ́ tán, ṣé abọ́ dídọ̀tí ló yẹ kó bá nílé mi?"

Gaylen mi orí, ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àyà òkúta ni Verlene ní. Iléeṣẹ́ fíríìjì yẹn ni Renae ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó fi abọ́ tó kù sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ. Ó jáde lọ sídìí ilé adìyẹ, ó dojú korobá kan dé, ó jókòó lé e. Ó rántí ọdún tí Orrin ọkọ rẹ̀ wà lórí àìsàn. Àwọn arúgbó wọ̀nyẹn ló ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó kọ́kọ́ béèrè pé èló lẹran ń lọ lọ́jà. Ìgbà tó dìde, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Oúnjẹ adìyẹ ti gbówó lórí, nítorí náà ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ lé owó ẹyin, ó sọ ìdí rẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan lójúkojú, ó parí síbẹ̀.

Kò pẹ́ ni Dwight kanlẹ̀kùn, fìlà lọ́wọ́.

"Ìyáàfin Stuckey, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn adìyẹ yín mà rẹwà o!"

"Òórùn wọn ńkọ́, Dwight?"

"Òórùn kẹ̀? Atẹ́gùn oko lásán ni, ó ń ṣara lóore."

Verlene rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Iye tó ń ta ẹyin fún gbogbo èèyàn náà ló tà á fún un. Ìgbà tí Gaylen gbọ́, díẹ̀ ló kù kó dákú.

Bí ọlọgbọ́n bá bá òmùgọ̀ sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, ọlọgbọ́n a fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Gaylen, ọlọgbọ́n lójú ara rẹ̀, kó owó tó fi pamọ́, ó ra òròmọdìyẹ jọ bí iyanrìn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kánjú, tí kò tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìgbà ìrúwé fi máa dé, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Àkùkọ ni wọ́n, àfi ẹyọ kan tó ń ṣàìsàn. Owó ẹyin ti wálẹ̀ nígbà náà, ẹni Indianapolis kò sì gbé fóònù mọ́.

Iléeṣẹ́ fíríìjì kò kógbá sílé, wọ́n kàn dín òṣìṣẹ́ kù, Renae sì wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Ó kẹ́rù padà sílé ìyá rẹ̀, ó ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń dáná fáwọn ọmọ iléèwé, owó rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀.

"Ká ní o gbọ́ tèmi ni," Gaylen ní, "ẹ̀ bá lówó lọ́wọ́ báyìí."

"Òótọ́ ni," Verlene dá a lóhùn, "à bá ní díẹ̀ sí i."

Ìyẹn ò bá Gaylen lára mu, ìjà ló bá wá. "O ò wá kábàámọ̀ ni?"

"Rárá o. Gbé àkùkọ méjì wá lọ́jọ́ Sunday."

Wọ́n sè é, ó le bí awọ bàtà. Renae ń rún un lẹ́nu, Gaylen ń ṣàlàyé fún gbogbo tábìlì pé fàdákà ló kàn báyìí, kí oníkálukú tètè lọ rà á. Verlene sún abọ́ ọ̀dùnkún sí iwájú Gaylen.