Bí Àìsàn Ti Rí Kí Wọ́n Tó Gbé Ọmọ Jáde

Òórùn epo pupa tí wọ́n fi ń dín dòdò Ìkirè ló máa ń wọlé tọ̀ mí láràárọ̀, nínú yàrá kan ṣoṣo tí mo háyà sí ọ̀nà Gbọ̀ngán. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Iṣẹ́ ìwádìí ìlera ló gbé mi débẹ̀. A ti lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìkirè àti Apòmù, a bi àwọn ìyá léèrè nípa ọmọ tó ṣàìsàn, bí àìsàn náà ṣe le tó kí wọ́n tó gbé e jáde, ibi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, àti bóyá ó yè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti padà s'Íbàdàn. Èmi ló kù tí mò ń to ìdáhùn àwọn ìyá náà pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, èmi àti ọ̀gá mi nìkan, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ju kíkí lọ.

Àtẹ tí mo kọ́kọ́ ṣe, tí mo fi ibi ìtọ́jú kọjú sí ìyè àti ikú, bà mí lẹ́rù. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé lọ sí ibùdó ìlera kékeré tó wà ní Apòmù ń kú ju àwọn tí wọ́n tọ́jú nílé lọ.

Ọ̀gá mi wò ó, ó mirí. "Ibùdó yẹn ò wúlò. Màá kọ ọ́ pé kí wọ́n tì í."

Ọmọ tèmi ni mo rántí. Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọbìnrin mi kú sí ọsibítù tí mo gbé e lọ. Ìyá ọkọ mi sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé, "Ká ní o fi í sílẹ̀ nílé ni, kò ní kú." Ọkọ mi jókòó níbẹ̀, kò fọhùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo sá fún tí mo fi gba iṣẹ́ tó jìnnà sílé. Nígbà tí mo rí àtẹ yìí, àfi bíi pé ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi tún wá bá mi n'Íkirè.

Ìyá kan tó ń yan gààrí l'Ápòmù ló sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo bi í léèrè bí àìsàn ọmọ rẹ̀ ṣe rí kó tó gbé e jáde, ó wò mí tìyanu-tìyanu: "Gìrì ti mú un. Ta ní í gbé ọmọ tó ń ṣeré lọ síbùdó ìlera?"

Mo bá ní kí kọ̀ǹpútà ka kìkì àwọn ọmọ tí àìsàn wọn ti le kí wọ́n tó kúrò nílé. Lẹ́yìn náà, mo ní kó ka àwọn tí tiwọn ò le. Nínú àwọn tí tiwọn le, àwọn tó dé ibùdó Apòmù ló yè jù. Bákan náà ló rí nínú àwọn yòókù. Ọmọ tó ti ń kú lọ ni wọ́n sábà máa ń gbé débẹ̀. Òun ló ba ibùdó náà lórúkọ jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo àtẹ méjèèjì."

Ọ̀gá mi wò wọ́n. "Háà. Ká ní a ti tì í ńkọ́?" Ó fagi lé ohun tó kọ. Wọn ò ti ibùdó náà.

Nígbà tí ọ̀gá mi jáde, mo sunkún níwájú kọ̀ǹpútà náà, kò sí ẹni tí yóò bi mí pé kí ló dé. Mo mọ̀ pé àtẹ kì í sọ ìtàn ọmọ kan ṣoṣo. Kò lè sọ fún mi bóyá tèmi ì bá yè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti yé mi pé kì í ṣe pé ọmọ mi kú nítorí pé mo gbé e lọ. Mo gbé e lọ nítorí pé ó ti ń kú lọ, tí mo sì ń fẹ́ kó yè. Mi ò padà sílé ọkọ láti lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ìwọ tó ń kà á yìí ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.