Ẹ̀wù Ológun Lára Ògiri Télọ̀

Ọ̀gá Jagunjagun ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ò lè gbá aáyán létí. Àwòrán tó gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé ló fa orúkọ náà. Ogun táwọn òyìnbó bá ara wọn jà láyé àtijọ́ ló wà nínú gbogbo wọn, tẹṣin-tẹṣin, tìbọn-tìdà: ogun Wọ́tàlúù àtàwọn mìíràn tí ẹnu rẹ̀ ò gbà láti pè. Oníwèé àlòkù kan ní ìkóríta ló máa ń bá a wá wọn. Bí tuntun bá dé, télọ̀ á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ ra òwú.

Ẹ má rò pé ìjà ló wù ú o. Bí oníbàárà bá bi í pé ta ló ṣẹ́gun, á ní, "Ẹni tó wọ irú ẹ̀wù yìí, kí ló tún ń bá ẹnikẹ́ni jà sí?" Ẹ̀wù ni tiẹ̀: bí wọ́n ṣe gé èjìká, bí kọ́là ṣe dúró ṣánṣán, bí bọ́tìnnì ṣe tò wálẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń fọwọ́ rán ìṣẹ́tí aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ò gbẹ́nu kúrò lára àwòrán wọ̀nyẹn. Ó ní ilé ọkọ òun ti di bárékè. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń nù wọ́n.

Nígbà tó yá, ojú télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọ́n tọ́jú ẹ̀ títí, kò gbóògùn. Ọmọ wọn ọkùnrin gba ìdí ẹ̀rọ, bàbá sì ń jókòó sábẹ́ àwòrán rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfi ọjọ́ tó ní kí wọ́n pe oníwèé àlòkù wá kó gbogbo rẹ̀ lọ, pé òun ò lè máa jókòó ti ohun tí òun ò rí.

Ọ̀rọ̀ yìí já ìyàwó láyà. Ó mọ̀ pé bí àwòrán wọ̀nyí bá fi lè jáde nílé, ìwọ̀nba ayọ̀ tó kù lára ọkọ òun máa bá wọn lọ. Àmọ́ kí ló fẹ́ sọ, òun tó ti ń bú wọn látọjọ́ yìí? Ó gbé àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ó ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Pẹ̀lẹ́ o," ó ń bá ọ̀kan sọ̀rọ̀. "Ìwọ tó ń sunkún yìí náà ń lọ nìyẹn."

Télọ̀ gbórí sókè. "Ta ló ń sunkún?"

"Èyí tó dúró ti ẹṣin funfun."

"Ẹlẹ́wù pupa, tí apá ẹ̀ ní okùn wúrà?"

"Mi ò wo apá ẹ̀. Irùngbọ̀n kún ẹnu ẹ̀, síbẹ̀ omijé wà lójú ẹ̀."

"Omijé kẹ̀? Ìyá wọn, láti ọjọ́ tí mo ti ń wo ẹni yẹn, mi ò rí omijé kankan."

"Ẹ ò wo ojú ẹ̀ ni, Bàbá wọn."

Télọ̀ yíjú sí i. "Ta ló tún wà ńbẹ̀?"

Ìyàwó fa àpótí, ó jókòó tì í. Ó ní ẹnì kan ń wẹ̀yìn bí ẹni tó gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná. Ó ní àwọn méjì di ara wọn mú nísàlẹ̀, ẹ̀wù ọ̀kan búlúù, tèkejì funfun.

"Ọ̀tá ni wọ́n nìyẹn," télọ̀ wí. "Wọ́n ń jà."

"Wọn ò jà. Ẹlẹ́wù búlúù ń fún ẹnì kejì lómi mu ni."

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó ò sì rántí ìgbà tó ti gbọ́ ẹ̀rín náà kẹ́yìn. Ọkọ ń sọ ẹ̀wù, ìyàwó ń sọ ojú, wọn ò sì tíì kúrò lórí àwòrán kan ṣoṣo yẹn tí oníwèé àlòkù fi kan ilẹ̀kùn, tòun ti páálí ìkẹ́rù lọ́wọ́.

Télọ̀ ló dáhùn.

"Ẹ má bínú, ọ̀rẹ́ mi, ẹ máa lọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n ni."