Ewé Tútù Lójú Títì

Bí mo bá gbóòórùn ewé tútù tí táyà ti tẹ̀ mọ́ ọ̀dà gbígbóná, níbikíbi tí mo bá wà, ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Ìlú le nígbà náà. Owó oṣù wa ń dé nígbà tó bá wù ú, àwọn tó ní mọ́tò kò rówó tún un ṣe, táyà tó ti pá bí orí àgbàlagbà ni wọ́n ṣì fi ń sáré. Kò sí ọjọ́ tí ọkọ̀ kì í bàjẹ́ sójú títì. Bó bá sì ti bàjẹ́, awakọ̀ á wọ inú igbó, á ṣẹ́ ewé tútù, á to ó sójú ọ̀nà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé nǹkan dí ọ̀nà. Ewé ni ìkìlọ̀ wa, tolówó tòtòṣì ló sì mọ ohun tó ń wí.

Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń ṣètò àwọn ọ̀nà ìpínlẹ̀: èyí tí wọn yóò fẹ̀, èyí tí wọn yóò tún ṣe, ibi tí ẹ̀mí ti ń ṣòfò jù. Ọmọ Oǹdó ni mí, ṣùgbọ́n àdúgbò Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ níbẹ̀ ni mo gba yàrá sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé ẹ̀kọ́ gíga dé ni, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu mi. Bí mo bá ń ṣàlàyé kọ́nà kan fún yín, ẹ ó rò pé èmi ni mo la ọ̀nà náà nínú igbó. Ọ̀gá mi, bàbá kan ará Ọ̀wọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, á fetí sí mi títí n óò fi parí, á ní, “Ó dáa, jẹ́ ká lọ wò ó.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ wo kọ́nà kan tí kò jìnnà sí Oǹdó. Bí a ti ń sún mọ́ ọn, mo rí ewé tútù lójú títì, mo sì di àga mú, ṣùgbọ́n awakọ̀ wa kò tilẹ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ó gorí ewé náà kọjá. A yí kọ́nà, kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀.

Ó ní, “Ẹ má fòyà. Ewé Ìyá nìyẹn.”

Òun ló sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Opó kan ń gbé nínú ilé tó wà létí ọ̀nà níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, tíṣà ni. Ọmọ náà ń gun alùpùpù bọ̀ wálé nínú òjò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ló bá forí sọ agbégilódò kan tó bàjẹ́ sí kọ́nà náà, tí awakọ̀ rẹ̀ kò to ewé kankan. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń mú àdá jáde láràárọ̀, á ṣẹ́ ewé, á to ó síbẹ̀, ọkọ̀ ìbáà bàjẹ́, kó má bàjẹ́.

Ọ̀gá mi ní kí a dúró. A jókòó sábẹ́ igi, a ń wo títì. Àwọn àlejò tó rí ewé náà ń rọra, wọ́n ń na ọrùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ná ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́ ń gbá a kọjá ni, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fọn fèrè kí Ìyá. Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wá bàjẹ́ síbí ní tòótọ́ ńkọ́? Ta ni yóò gba ewé gbọ́? Ìwọ ọmọ Oǹdó, lọ bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀.”

Mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá ń pọ́n àdá lórí òkúta.

“Ṣé ìjọba ló rán ẹ?”

“Àwọn ni, mà.”

“Nígbà tí ọmọ mi kú, mi ò rí wọn.”

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ gírámà. Mo ní ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́, ọkàn kì í kà á sí mọ́. Mo ní ewé rẹ̀ ń ba ewé àwọn ẹlòmíràn jẹ́. Ó jẹ́ kí n parí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Látìgbà tí mo ti ń to ó, ẹnikẹ́ni ò kú níbí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí mo bá jókòó sílé, tí ọmọ ẹlòmíràn wá kú, kí ni kí n wí fún ìyá rẹ̀?”

Mo ṣèlérí pé a óò ri pátákó ìkìlọ̀ mọ́bẹ̀, pátákó ńlá tí yóò máa tàn bí iná ọkọ̀ bá bà á. Ó ní ọjọ́ tí pátákó bá dé, ọjọ́ náà lòun yóò gbé àdá sílẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àbí? Ọ̀gá mi kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ, ó tún un kọ. Wọ́n ní kò sí irin, kò sí ọ̀dà, kí a ní sùúrù. Bí mo bá ń lọ sílé ní Oǹdó, tí bọ́ọ̀sì dẹwọ́ ní kọ́nà náà, Ìyá á béèrè lójú fèrèsé pé, “Pátákó ńkọ́?” Nígbà tó yá, èmi ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí, mo ń fi ìwé ìròyìn bojú. Ojú ń tì mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni bọ́ọ̀sì akérò kan bàjẹ́ sí kọ́nà náà gan-an. Awakọ̀ rẹ̀ ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ó sọ àwọn èrò kalẹ̀ sábẹ́ igi, ó ṣẹ́ ewé, ó to ó, kó tó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Agbégilódò kan ń bọ̀ láti Oǹdó. Ẹni tó ń wà á mọ ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ó rí ewé, kò dẹwọ́. Abẹ́ ọkọ̀ náà ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kú sí.

“Mo rò pé ti Ìyá ni.” Ohun tí awakọ̀ agbégilódò ń wí ṣáá nìyẹn, tó fọwọ́ lérí, létí gbogbo èrò. Ìyá wà láàárín wọn, ó gbọ́.

Nígbà tí èmi àti ọ̀gá mi débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ń ṣa ewé kúrò lójú títì. Ọwọ́ ló fi ń ṣa á, tútù àti gbígbẹ, títí kan èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń bá a ṣa á. Ó wá bi mí pé:

“Ọmọ mi, ìwọ tí o kàwé ọ̀nà. Ká ní mi ò to ewé síbí rí, ṣé awakọ̀ yẹn ì bá dúró?”

Ọ̀gá mi yíjú sígbó. Ọgbọ́n orí mi gbogbo mọ èsì náà, nítorí èmi fúnra mi ni mo ti wí i fún un tẹ́lẹ̀.

Mo ní, “Ì bá má dúró, mà. Ẹrù rẹ̀ ti wúwo jù. Bíréèkì ò ní mú un.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “O ò mọ irọ́ pa.” Ó tún mú ewé kan nílẹ̀, ó fi í sínú agbọ̀n. “Ṣùgbọ́n o ṣeun.”

Pátákó dé lẹ́yìn náà, kò sì pẹ́ tí àwọn olè fi yọ irin rẹ̀ lọ tà. Ìyá kò jáde sójú títì mọ́ títí ó fi sùn. Wọ́n ti na kọ́nà náà tọ́ báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ń sáré kọjá níbẹ̀ láìmọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ rí. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì. Òtítọ́ tí mo kọ sínú ìwé ìjọba pọ̀, inú àpótí ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sùn sí. Ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn bá jí dìde lónìí, tó tún bi mí, n óò tún pa irọ́ kan náà fún un, bí kò tilẹ̀ ní gbà mí gbọ́.