“Ó ti sanra”

Irun tó máa ń hù lára ẹṣin nígbà òtútù ń tan èèyàn jẹ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kọjá ní Crossness, nílùú òyìnbó níbí, rí èyí tí mò ń bá aládùúgbò mi tọ́jú, wọ́n ní, “Ẹṣin yín ti sanra o!” Sanra kẹ̀? Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ irun náà, egungun ìhà lásán ni mo bá níbẹ̀. Gbogbo koríko gbígbẹ tí à ń kó fún un, òtútù ló ń jẹ ẹ́. Tìbínú-tìbínú ni mo fi délé.

Màmá mi pè mí lórí fídíò láti Èkó, mi ò tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì òtútù mi. Inú wọn dùn: “Ọmọ mi, o ti sanra!”

Mi ò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà títí a fi sọ̀rọ̀ tán.