Àìsàn Oyin Alhaji Fatawu

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò Mamobi ní Accra kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Alhaji Fatawu ni ti ọjọ́ tó gbé àpótí oyin wọ ọkọ̀ trotro. Oyin náà ń ṣàìsàn, ó sì ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ó fi aṣọ funfun bo àpótí náà, ó gbé e lé itan bí ọmọ tuntun. Nígbà tí méètì tó ń gba owó ọkọ̀ bi í pé kí ló gbé, ó ní aláìsàn ni. Méètì tún bi í bóyá àìsàn náà ń ranni. Alhaji ronú díẹ̀, nítorí kì í purọ́.

"Àìsàn wọn kì í ranni," ó ní. "Àwọn fúnra wọn ló máa ń tani."

Ọkọ̀ ò tíì dúró tán tí àwọn èrò ti ń bẹ́ sílẹ̀. Awakọ̀ náà bẹ́. Alhaji nìkan ló kù nínú ọkọ̀, ó yọrí lójú fèrèsé, ó ń bẹ̀ wọ́n pé oyin tí ara rẹ̀ ò yá kì í lágbára àtita.

Ohun èlò mọ́tò ló ń tà ní Abossey Okai, ó sì gbà pé kò sí ohun tó ń kùn tí òun ò lè mọ àìsàn rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn fítà tó ń tún mọ́tò ṣe fi ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì ló máa ń fi kan àpótí oyin tó tò sí òkè ilé rẹ̀, yóò fi orí kejì irin náà sí etí. Nígbà tí oyin kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kú, kó tó di pé ó gbé wọn wọ trotro, ó gbọ́ ohùn wọn báyìí, ó ní ebi ló ń pa wọ́n. Ó po ṣúgà fún wọn. Èèrà tó wá jẹun pọ̀ ju oyin lọ.

Ó fi ẹsẹ̀ àpótí sínú agolo òróró ẹ́ńjìnnì, èèrà sì lọ, ṣùgbọ́n oyin ò yéé kú. Ó ní òtútù ni. Ó fi aṣọ tí Àmínátù ìyàwó rẹ̀ rà ní Mẹ́kà bò wọ́n. Àmínátù ní ó ti pẹ́ tí òtútù ti ń mú òun náà nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó fi nǹkan bo òun.

Dókítà ẹranko tó gbé wọn lọ bá, Phoebe, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra, kò jẹ́ kó gbé àpótí náà wọlé. Ó tẹ̀ lé e wá sílé. Nígbà tó ṣí àpótí, òórùn burúkú jáde. Ìdin oyin tó yẹ kó funfun ti pọ́n, ó ti jẹrà sínú afárá. Ó ti igi ìṣáná bọ ihò kan, ó fà á jáde, ohun tó wà níbẹ̀ sì fà bí ọbẹ̀ ilá. Alhaji ní ilá tó fà báyìí ò wọ́pọ̀ lọ́jà mọ́. Phoebe ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa dáná sun wọ́n ni, Alhaji. Àtafárá, àtàpótí."

"Ọmọ mi, a kì í torí púlọ́ọ̀gì kan jó mọ́tò."

"Mọ́tò kọ́ nìyí, sà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò kó ran gbogbo àwọn yòókù."

Alhaji ò gbà. Bí Phoebe ṣe lọ tán, Alhaji mú afárá tó ṣì dára lójú nínú àpótí tó ń ṣàìsàn, ó pín in fún àwọn tó lera, kí wọ́n lè jọ ran ara wọn lọ́wọ́. Àìsàn ni wọ́n jọ pín. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn àpótí náà dákẹ́. Nígbà tí Yusif, aránṣọ ilé kejì, bi í pé kí ló dé tí òun ò gbúròó oyin mọ́, ó ní wọ́n ń gbààwẹ̀ ni.

Yusif yìí ti ń bá a jà nítorí oyin láti ọdún pípẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí Alhaji wá gbà pé òótọ́ ni Phoebe sọ, Yusif náà ló lọ bẹ̀ pé kó bá òun gbẹ́ kòtò ní ilẹ̀ òfìfo tó wà létí gọ́tà ńlá. Nírọ̀lẹ́ tí wọ́n máa jó wọn, àpótí kan ṣoṣo ló ṣì ń kùn díẹ̀. Alhaji dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní Yorùbá, ó tún un tọrọ ní Hausa, nítorí kò mọ èyí tí wọ́n gbọ́. Yusif ló ṣá iná sí i.

Àtìgbà náà ni ara Alhaji ò ti le mọ́. Nígbà tí Phoebe lọ wò ó ní ọsibítù, ó fà á sún mọ́ra, ó bi í jẹ́jẹ́ pé, "Tèmi náà ńkọ́? Ṣé jíjó ni?"

Phoebe ní rárá. Alhaji ní ó tán, ìyẹn nìkan lòun fẹ́ gbọ́. Ó kú kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Àwọn tó wá kí Àmínátù sọ ìtàn rẹ̀ títí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Yusif pé àárọ̀ ló le jù. Láràárọ̀, oyin ni Alhaji máa ń kọ́kọ́ kí kó tó kí òun, inú sì máa ń bí òun. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà.

Ní ọjọ́ kejì, kí Yusif tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó wà láàárín ilé méjèèjì, ó gbóhùn sókè díẹ̀.

"Alhaja, ṣé ẹ jíire?"