Ilẹ̀ Tí Kxaru Kò Yìn

Kxaru kò yin ohun tó jẹ́ tirẹ̀ rí. Bí ó bá wa iṣu igbó tó tóbi bí orí ọmọ, á ní gbòǹgbò gbígbẹ kan ni òun fẹsẹ̀ kọ. Bí àlejò bá fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ èèpo ẹyin ògòǹgò tó fi oṣù mẹ́ta ṣe, á ní ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, kí wọ́n má wulẹ̀ wò ó pẹ́. Kì í ṣe pé ó ń tẹríba fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Láàárín àwọn Ju/'hoansi, ẹ̀yà rẹ̀ tó ń ṣọdẹ nínú aṣálẹ̀, ẹni tó bá pa ẹran ńlá kì í pariwo wọ ibùdó. Á jókòó sídìí iná, á panu mọ́, títí ẹnìkan yóò fi bi í léèrè pé kí ló rí lónìí. Á wá ní, "Háà, èmi kì í ṣe ọdẹ mọ́. N kò rí nǹkan kan, àfi bóyá ohun kékeré kan." Àwọn tó gbọ́ á rẹ́rìn-ín sínú, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹrù ń bọ̀ wá sí èjìká wọn lọ́la. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n dé ìdí ẹran náà, wọn á tún bú u: "Ṣé torí egungun yìí lo ṣe fà wá kúrò lábẹ́ ibòji?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín in, tí kálukú á jẹ, orí ọdẹ kò sì ní wú.

Ìwà tó dára ni. Òun náà ló kù díẹ̀ kó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Kxaru.

Tsoxai ni wọ́n bí i sí, nídìí igi oṣè kan, ní ọdún tí òjò pọ̀. Ọdún wo, kò yé e. Ìwé ìjọba ló yan ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní fún un, bó ṣe yàn án fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìyá bímọ. Ilẹ̀ náà wá sọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì wá sọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba tirẹ̀. Jíjẹ́ onílẹ̀ kò fún un láṣẹ láti tà á. Ohun tó fún un ni pé ẹni tó bá fẹ́ mu omi níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í. Bí ẹni náà bá sì ti bi í, òun kò gbọdọ̀ kọ̀.

Nígbà ogun, àwọn sójà kó wọn jọ sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Tsumkwe. Wọ́n fún wọn ní ìyẹ̀fun àgbàdo, wọ́n sì mú ọkọ rẹ̀ lọ máa wá ipa ẹsẹ̀ ọ̀tá fún wọn. Ọkùnrin náà padà wá pẹ̀lú bàtà aláwọ̀ kan àti ikọ́ kan. Bàtà náà pẹ́ jù ú lọ láyé. Ní Tsumkwe ni Kxaru ti rí àwọn ènìyàn tó ti pín odindi àgùnfọn láìjà rí, tí wọ́n ń jà nítorí agolo ẹja. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó mú ọ̀pá ìwalẹ̀ rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé. Debe, ọmọ arábìnrin ìyá rẹ̀, tẹ̀ lé e. Wọ́n rìn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ Debe. Ní ilẹ̀ yìí, ẹbí méjì ni ènìyàn ní: èyí tó ń bọ̀wọ̀ fún, àti èyí tó ń bá ṣẹ̀fẹ̀. Ti ẹ̀fẹ̀ ni Debe. Láti ìgbà tí eyín wọn àkọ́kọ́ ti hù ni wọ́n ti ń bú ara wọn, nígbà tí eyín náà sì ká tán, èébú kò ká.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ọ̀dá mú ní ìhà gúúsù, ọlọ́màlúù kan gé wáyà tí ìjọba fi pààlà, ó da igba màlúù wọ ilẹ̀ Kxaru, ó sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilẹ̀ pé kí wọ́n fi Tsoxai fún òun, nítorí pé kò sí ẹni tó ń lò ó. Wọ́n rán Ọ̀gbẹ́ni Amukoto wá sí Tsumkwe láti gbọ́ tẹnu Kxaru. Awakọ̀ rẹ̀, tó dàgbà sí Tsumkwe, ló ń túmọ̀. Ó túmọ̀ dáadáa. Ẹ̀bi kankan kò sí lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá, irú ilẹ̀ wo ni Tsoxai?"

Kxaru wo iyanrìn. "Ilẹ̀ náà ṣáá ni."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kí ni ìbá wà níbẹ̀? Igi mélòó kan tó ti gbó bíi tèmi. Ihò kan máa ń lómi díẹ̀, omi ọ̀hún ń rùn."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"À ń họ ilẹ̀ bí òòrẹ̀. Nígbà mìíràn a máa ń rí nǹkan kékeré kan."

Wọ́n pe Debe gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. "Ọ̀gá, ẹ má dá arúgbó yìí lóhùn, ó ń pọ́n ilẹ̀ ẹ̀ lé ni. Omi wo? Ìkookò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ sí, ó gbóòórùn ẹ̀, ẹkún ló sun lọ."

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. "Gbẹ́nu sọ́hùn-ún, ẹlẹ́nu bí ihò ìmàdò," Kxaru fèsì. "Ilẹ̀ yẹn náà kọ́ ló bọ́ ẹ títí o fi rí ikùn gbé kiri?"

Awakọ̀ kò túmọ̀ gbólóhùn yìí. Ó kà á sí ẹ̀fẹ̀. Kxaru tẹ̀ka síwèé, ó sì padà sílé pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn: ó ti sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí a kọ́.

Lópin ọ̀sẹ̀ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé abúlé, mú ẹ̀dà ìwé náà wá. Kxaru ni orúkọ tirẹ̀ náà, nítorí orúkọ ìyá-ìyá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní Orúkọ Àgbà àti Orúkọ Kékeré.

"Orúkọ Àgbà, kí lẹ sọ fún ọkùnrin yẹn?"

"Ohun tó yẹ."

Orúkọ Kékeré kà á jáde: "'Ẹni tó ń lo ilẹ̀ náà jẹ́rìí pé kò sí oúnjẹ lórí rẹ̀, pé omi rẹ̀ kò dára, àti pé kò jámọ́ nǹkan lójú òun. Ẹlẹ́rìí kejì sọ bákan náà. Àbá: kí a fi fún ọlọ́màlúù. Ẹni tó bá ní àtakò, kí ó sọ ọ́ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún.'"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Debe fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí. "Ìkookò yẹn," ó ní, "ẹnu mi ló ti jáde."

"Ó rọrùn," Orúkọ Kékeré wí. "Ẹ jẹ́ ká padà lọ. Ẹ sọ fún un pé ilẹ̀ náà dára, pé òun ló dára jù lọ ní gbogbo agbègbè yìí."

"Èmi?" Kxaru bi í. "Kí n dúró níwájú ènìyàn, kí n máa yin ara mi? Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tún bá mi jókòó nídìí iná?"

"Iná wo, Orúkọ Àgbà, bí kò bá sí ilẹ̀ tí ẹ ó dá a lé?"

Kxaru mú ọ̀pá ìwalẹ̀ rẹ̀. Ó lọ wa gbòǹgbò, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. "Bí ọdẹ bá ní ẹran òun kò tó nǹkan, kí là ń ṣe?"

"À ń mú okùn ẹrù," Debe dáhùn, "a ń tẹ̀ lé e lọ wò ó."

"Ọkùnrin yẹn gbọ́ pé ẹran rù, ó sì kọrí sílé. Ta ló kọ́ ọ? Orúkọ Kékeré, kọ̀wé sí i. Sọ fún un pé kó wá wo ilẹ̀ tí kò dára náà."

Ọ̀gbẹ́ni Amukoto wá ní ọjọ́ kejìdínlógún. Ó jọ pé ìwé náà yà á lẹ́nu, nítorí kò tíì rí aláàtakò tó ń bú ohun tó ń jà fún. Ọlọ́màlúù náà wá pẹ̀lú, nínú aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Iyanrìn dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ rìn. Kxaru ṣíwájú. Orúkọ Kékeré ń túmọ̀, ó sì ń kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

"Ìdí igi yìí, ibẹ̀ ni bàbá ìyá mi ti ṣubú. Igi tí kò ríṣẹ́ ṣe. Òkìtì yẹn, àwọn ìyàwó ń sá lọ síbẹ̀ bí wọ́n bá bínú. Iṣu wà lábẹ́ ìtàkùn gbígbẹ yìí, ṣùgbọ́n ó korò díẹ̀." Ó fi ọ̀pá wa ilẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó fa iṣu jáde, ó sì tọrọ àforíjì pé ó kéré. Ọwọ́ méjèèjì ni Ọ̀gbẹ́ni Amukoto fi gbà á.

"Ilẹ̀ yìí mà dára o!" ọlọ́màlúù náà kígbe. "Ẹ wo koríko! Ó dé orúnkún!"

Debe tẹ̀ sí etí Kxaru. "Ó ń yin ẹran tí kò pa."

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ Ọ̀gbẹ́ni Amukoto. Omi wọn wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn. Ó bi ọlọ́màlúù ibi tí ènìyàn ti lè rí omi mu. Ọkùnrin náà nawọ́ sí adágún tí àwọn màlúù rẹ̀ ti pò pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Kxaru lọ sídìí igi oṣè tí wọ́n bí i sí, ó yọ koríko tó dí ihò kan lára rẹ̀, ó ki esùsú wọ̀ ọ́, ó fi ẹnu fa omi, ó sì dà á sínú èèpo ẹyin ògòǹgò.

"Ó tutù," Ọ̀gbẹ́ni Amukoto wí nígbà tó mu ún tán.

"Ó ń rùn díẹ̀."

Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo Kxaru, ó wo Debe tó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá, ṣé irọ́ lẹ pa fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Irọ́ kọ́. Ìwà ni. Ẹni tó ní nǹkan kì í yìn ín."

"Lábúlé tiwa, ẹni tó nílẹ̀ ló ń pariwo jù."

"Ìyẹn ni ẹ ṣe ń jà," Debe wí.

Ọlọ́màlúù náà dúró, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Koríko rẹ̀ ló kú. Ó sọ ohun tí kò tíì sọ láti ọjọ́ tó ti dé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mu nínú rẹ̀?"

Kxaru rọ omi fún un. "Ká ní o ti bi mí lọ́jọ́ tó o dé, ǹ bá ti fún ẹ. Àwọn màlúù ẹ náà, kí wọ́n mu nínú adágún fún ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n fi rí agbára rìn. Ní ọjọ́ karùn-ún, o ó kó wọn padà gba ọ̀nà tó o gbà wá."

"Mo gbọ́, Màmá," ọkùnrin náà dáhùn, bí ènìyàn ti í dá onílé lóhùn, kó tó rántí pé Ọ̀gbẹ́ni Amukoto dúró tì í.

Ọ̀gbẹ́ni Amukoto ti ń kọ̀wé. Ó kọ ọ́ pé ẹni tó béèrè fún ilẹ̀ ti tọrọ àyè lọ́wọ́ arábìnrin náà, àti pé arábìnrin náà fún un ní àyè, ó sì dá ọjọ́ tí yóò kúrò fún un.

Ìpinnu dé lẹ́yìn oṣù méjì. Wọ́n kọ̀ fún ọlọ́màlúù. Wọ́n kọ Tsoxai sílẹ̀ ní orúkọ Kxaru àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọn kò lè pa ẹ̀rí àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí pé wọ́n ti lu òǹtẹ̀ ìjọba lé e. Nítorí náà, ojú ìwé kìn-ín-ní nínú fáìlì ṣì ń sọ pé ilẹ̀ náà kò jámọ́ nǹkan, orúkọ ibi mẹ́tàlélógójì sì tẹ̀ lé e.

Àwọn ará ilẹ̀ ìtòsí wá bá wọn yọ̀, wọ́n ní kí Kxaru fi ìwé náà han àwọn. Ó yọ ọ́ jáde nínú àpò awọ rẹ̀, láàárín ìlẹ̀kẹ̀ àti tábà.

"Bébà ni," ó ní. "Ẹ wò ó, ó tín-ín-rín."

"Atẹ́gùn á gbé e lọ," Debe wí.

Kxaru rọra ká a, ó sì tì í padà sí ìsàlẹ̀ àpò.