Sàréè Abẹ́ Igi Arère

Ojú bàbá mi ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ti sọ pé ìwọ̀nba ìríran tó kù níbẹ̀ kò ní pẹ́ tán, ni bàbá bá ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ fi í wò: sàréè ẹ̀gbọ́n òun, nínú igbó orí òkè tí ìjọba fi pamọ́ fún igi àti ẹranko. Gẹdú ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wọn ń gé níbẹ̀ kí òfin tó dé. Igi wó pa ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ kò sì lè gbé e dé Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ náà. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí òkú sùn nílẹ̀. Etí ọ̀nà ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

A háyà bọ́ọ̀sì kékeré kan ní Òjòwò. Dírẹ́bà rẹ̀ mọ̀ mí, ó mọ̀ pé bí mo bá ti rí igi, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ewé ni mo máa ń já, èèpo ni mo máa ń họ, títí mo fi mọ̀ wọ́n. Bí a ṣe ń gun òkè, ìkùukùu ṣì bo orí igbó. Àtíòro méjì fò kọjá lókè wa, ìyẹ́ apá wọn ń dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

“Afárá rèé, Bàbá. Ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀kan lórí èkejì.”

“Purofẹ́sọ̀ igi,” dírẹ́bà ní, “ẹ má jẹ́ ká wọ kòtò nítorí ewé. Àlàájì, ẹ bá mi bẹ ọmọ yín.”

“Jẹ́ kó máa kà á,” bàbá mi dáhùn. “Ojú rẹ̀ ni mò ń lò.”

Ó ti sọ àmì ibẹ̀ fún mi: tí a bá kọjá òkè kejì, ìrókò ńlá kan wà lápá ọ̀tún, arère kan sì wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹsẹ̀ arère ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n sí. Wọn kò fẹ́ ẹsẹ̀ ìrókò, nítorí àwọn kan á máa gbẹ́bọ wá síbẹ̀. Ta ló fẹ́ kí epo pupa máa ṣàn lórí sàréè Mùsùlùmí?

A kọjá òkè kejì, igbó tán. Láti etí ọ̀nà dé ìsàlẹ̀ àfonífojì, kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, pẹ̀lú kùkùté tí iná ti jó dúdú. Dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì.

“Ṣé a ti dé ni?” bàbá mi béèrè. “Kí ló dé tí oòrùn ń ta mí báyìí?”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Kùkùté ìrókò wà níbẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́, inú rẹ̀ ṣì le koko, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin. Mo kọjú sí òdìkejì ọ̀nà, n kò rí nǹkan kan. Igi arère funfun, ó fúyẹ́. Òjò àti ikán kì í jẹ́ kí kùkùté rẹ̀ pẹ́ láyé. Ká ní ẹsẹ̀ ìrókò ni wọ́n sin ín sí, à bá rí i.

“Sọ ohun tí o rí.”

“Wọ́n ti gé igi méjèèjì, Bàbá. Kùkùté ìrókò ṣì wà. Ti arère ti jẹrà.”

“Òkìtì sàréè ńkọ́?”

“Wọ́n ti ro gbogbo ilẹ̀ náà. Kòkó ni wọ́n gbìn sí i.”

Dírẹ́bà fa Bàbá lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò dápàárá mọ́. Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan sínú oko kòkó náà, ó dúró, ó sì fà á padà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀.

“Mi ò mọ ibi tó wà,” ó ní. “Mi ò lè tẹ ẹ̀gbọ́n mi mọ́lẹ̀.”

Orí ọ̀nà ló dúró sí, tó tẹ́wọ́ ṣàdúà fún un.

Nígbà tí à ń padà, igbó tún bẹ̀rẹ̀, bàbá sì ní kí n máa kà á. Mo ka afárá, mo ka ọ̀ganwó. Ìgbàkígbà tí mo bá pe arère, ó máa ń yí orí síbẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ títí a fi dé Òjòwò.